Owó tó wà lọ́wọ́ yín tí kì í ṣe tiyín

Ìbéèrè: "Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò kékeré ṣe ìwé owó wọn. Púpọ̀ nínú wọn kì í fi ìjọsìn ṣeré. Bí oníbàárà bá gbàgbé ṣéńjì sí ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n á sáré tẹ̀lé e. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ owó orí, wọ́n á ní kí n kọ ìdajì ohun tí wọ́n tà sílẹ̀, ọkàn wọn kì í sì í dá wọn lẹ́bi. Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run máa ń san owó orí ju ẹni tí kò bẹ̀rù Rẹ̀ lọ? Kí ni mo sì lè sọ fún wọn?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ ibi tí ìdáhùn wà, bóyá ẹ ò kàn fura ni. Oníbàárà tó gbàgbé ṣéńjì ní ojú. Oníṣòwò rí i nígbà tó wọlé, ó sì mọ̀ pé tó bá délé á tú àpò rẹ̀ wò, á sì rántí ibi tó ti náwó kẹ́yìn. Owó orí kò ní ojú. Kò sẹ́ni tó máa padà wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láti sọ pé wọ́n mú owó òun. Ẹ̀rí ọkàn tó là kedere níwájú èèyàn lè sùn lọ fọnfọn níwájú ìwé àkọsílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni náà jẹ́ alágàbàgebè. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn ká tó lọ jìnnà, torí ẹni tó bá ti ka àwọn èèyàn wọ̀nyí sí alágàbàgebè kò ní lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ díẹ̀ ni. Ìwádìí ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní World Values Survey. Láti 1981 ni wọ́n ti ń gbé e káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè, wọ́n ń béèrè ohun tí àwọn èèyàn kà sí èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Ọ̀kan lára ìbéèrè náà ni bóyá ó tọ́ kéèyàn rẹ́ ìjọba jẹ nínú owó orí tí àyè rẹ̀ bá yọ. Èèyàn á mú nọ́ńbà kan láti orí 1, tó túmọ̀ sí pé kò tọ́ láéláé, títí dé orí 10. Ní 2006, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Benno Torgler, gbé ìdáhùn tó wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 30 yẹ̀ wò, ó sì rí i pé àwọn tó ka ẹ̀sìn sí, tí wọ́n ń lọ ilé ìjọsìn déédéé, ló máa ń sọ jù pé kò tọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ohun tí wọ́n fẹnu sọ la kọ sílẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n san. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tiyín náà, àwọn náà á sọ pé kò tọ́.

Ibì kan wà tí wọ́n ti ka owó tí àwọn èèyàn san gan-an. Ní Bavaria, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀ máa ń bu owó orí kékeré kan lé àwọn ọmọ ìjọ. Gbèsè gidi ni lábẹ́ òfin, àmọ́ ìjọ kì í lépa ẹni tí kò bá san. Nadja Dwenger, Henrik Kleven àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣèwádìí níbẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde ní 2016. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló san ohun tó yẹ kó san láìsí ẹni tó fipá mú un. Mẹ́rin tó kù ò san án pé. Ilé Ọlọ́run tiwọn fúnra wọn ni owó náà mà ń lọ o!

Ọ̀nà méjì lèèyàn lè gbà ka ìyẹn, méjèèjì ni mo sì gbà. Àwọn onímọ̀ méjì, Michael Allingham àti Agnar Sandmo, ṣe ìṣirò kan ní 1972 tí gbogbo àwa tá a wà nínú iṣẹ́ yìí kọ́. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ san owó orí á wo bó ṣe ṣeé ṣe kí ọwọ́ tẹ òun àti bí ìtanràn ṣe pọ̀ tó, á sì fi wé ohun tó máa jẹ tó bá fi í pa mọ́. Ká ní kò sí nǹkan míì nínú èèyàn ju ìṣirò yìí lọ ni, kò yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo san owó ìjọ yẹn. Àmọ́ ẹnì kan nínú márùn-ún san án. Ẹ̀rí ọkàn wà lóòótọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kó dá gbogbo ẹrù náà gbé.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Kleven yìí kan náà àti àwọn míì bá ilé iṣẹ́ owó orí Denmark ṣiṣẹ́, wọ́n yẹ ìwé nǹkan bí 40,000 èèyàn wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Owó tí ẹlòmíì ti sọ fún ìjọba nípa rẹ̀, bí owó oṣù tí agbanisíṣẹ́ kọ ránṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó fi í pa mọ́. Owó tó jẹ́ pé oníǹkan nìkan ló lè sọ iye tó jẹ́, ibẹ̀ ni ìfipamọ́ wà. Ilé iṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà ṣírò tiwọn fún 2014 sí 2016: níbi tí wọ́n ti ń yọ owó orí kúrò nínú owó oṣù kó tó dọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ohun tí wọn ò sọ kò ju 1 nínú 100 lọ. Níbi tí kò ti sí ẹni tó ń ròyìn fún ìjọba, ó tó 55 nínú 100.

Ṣé àwọn tó ń gbowó oṣù ló wá bẹ̀rù Ọlọ́run ju àwọn oníṣòwò lọ ni? Rárá o. Wọn ò rí àyè ẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá gbọ́ tí olówó oṣù ń bú oníṣòwò kékeré pé olè ni. Olówó oṣù ò tíì wọ ìdánwò yẹn rí. Oníṣòwò kékeré ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tó bá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò béèrè rìsíìtì: ṣé kí n kọ eléyìí sílẹ̀, àbí kí n jẹ́ kó kọjá? Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, owó ilé ń bọ̀ lóṣù, ẹni tó kó ọjà fún un láwìn ń pè é. Ẹni tó kọ ọjà tó tà sílẹ̀ pé pérépéré ní irú ipò bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń wàásù owó orí ò ṣe rí.

Ṣùgbọ́n ẹ ní wọ́n jẹ́ olùfọkànsìn, ẹ ó sì fẹ́ mú Ìwé Mímọ́ jáde. Ẹ múra sílẹ̀ kí ẹ tó mú un jáde, torí ìwé yẹn kan náà ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Kristẹni mọ̀ pé Jésù ní kí wọ́n fi ti Késárì fún Késárì, ó sì mọ̀ pé Pọ́ọ̀lù sọ irú rẹ̀ nínú Róòmù orí 13. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn olùkọ́ni nínú ìjọ Kátólíìkì fi bá ara wọn jiyàn. Àwọn kan ní àwọn òfin owó orí kan wà tí kò de ẹ̀rí ọkàn ju pé kí ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ san ìtanràn lọ. Mùsùlùmí mọ̀ pé sàká, ìyẹn 2.5 nínú 100 owó tó bá pé níṣáàbù (iye tó kéré jù tó ń mú kí sàká di dandan) tó sì lo ọdún kan, jẹ́ ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ là kalẹ̀. Ó sì lè ti gbọ́ hádíìsì tó kìlọ̀ gidigidi fún àwọn tó ń gba owó tí wọ́n ń fipá bù lé ọjà, èyí tí èdè Lárúbáwá ń pè ní maks, lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ńlá bí al-Ghazali àti al-Shatibi sọ pé tí àpò ìjọba bá gbẹ, tí àwọn ará ìlú sì nílò ààbò, olórí lè bu owó lé àwọn tó ní in. Nínú ẹ̀sìn àwọn Júù, rábì kan tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì, ní Bábílónì ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, fi gbólóhùn kan lélẹ̀ tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí dòní: òfin ìjọba, òfin ni. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń jíròrò rẹ̀ nínú Támọ́dì, ìwé òfin àti àlàyé àwọn Júù, wọ́n béèrè nípa agbowó orí tí ohun tó ń gbà kò ní òdiwọ̀n, tàbí èyí tó fi ara rẹ̀ joyè, wọ́n sì ní ìyẹn ò sí lára òfin tí wọ́n ń sọ.

Ẹ ò rí i pé kò sí èyí tó di ojú rẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó ń gbowó? Nígbà tí àwọn agbowó orí wá bá Jòhánù Onítẹ̀bọmi nínú Lúùkù orí 3, kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n má gbà ju ohun tí a là sílẹ̀ fún wọn lọ. Nítorí náà, tí oníṣòwò bá sọ fún yín pé "wọ́n á kó o jẹ," ẹ má kà á sí àwáwí lásán. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́sìn ti ń bá yí láti ìgbà pípẹ́ ló sọ yẹn. Erich Kirchler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vienna sọ ọ́ lọ́nà tiwọn ní 2008: nǹkan méjì ló ń mú kí àwọn èèyàn san owó orí, agbára ìjọba àti ìgbẹ́kẹ̀lé tí wọ́n ní nínú rẹ̀. Agbára máa ń gba ohun tí kò ṣeé fi pa mọ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló ń mú kéèyàn fi tinútinú mú èyí tó ṣeé fi pa mọ́ wá. Ibi tí òṣìṣẹ́ owó orí bá ti ń wo gbogbo ọlọ́jà bí ọ̀daràn, ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ paná ẹ̀rí ọkàn tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́.

Èmi fúnra mi máa ń bi ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè kan, mo sì máa ń rọra béèrè ẹ̀: "Tí ìjọba bá di olóòótọ́ lọ́la, ṣé gbogbo ọjà tí ẹ bá tà lẹ ó máa kọ sílẹ̀ látọ̀la lọ?" Àwọn kan á dáhùn kíá pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì máa ń hàn lójú wọn pé ohun tí wọ́n ń sọ dá wọn lójú. Àwọn míì á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà lọ. Ẹni tó ń ta ko owó orí nítorí ẹ̀rí ọkàn máa ń ṣe é ní gbangba: á sọ pé òun ò san án, á sọ ìdí rẹ̀, á sì fara mọ́ ohun tó bá tìdí ẹ̀ yọ. Ẹni tó fi ìdajì ọjà pa mọ́ nínú ìwé ò tíì ta ko ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ní òun ti san ìdámẹ́wàá tàbí pé òun ti yọ sàká. Ní Malaysia, òfin gbà kí Mùsùlùmí yọ sàká tó san fún àjọ tí ìjọba mọ̀ kúrò nínú owó orí tó jẹ lórí owó tó ń wọlé fún un. Níbi tí òfin bá ti fẹ́ kí ọ̀kan dípò èkejì, òfin á sọ bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò bá ti sọ ọ́, ẹni tó jẹ èèyàn méjì lówó kò lè san ti ọ̀kan kó ní ti èkejì ti parí.

Ẹ wá béèrè ohun tí ẹ lè sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn: ìwàásù. Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1990, ìjọba fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún asanwó orí. Àwọn kan gba lẹ́tà tó rán wọn létí ohun rere tí owó orí ń ṣe fún ará ìlú, àwọn míì gba èyí tó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń san owó orí bó ṣe yẹ. Àwọn tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ ò rí ìyàtọ̀ kan pàtó nínú iye tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ní ìlú Junín, ní Ajẹntínà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sára ìwé owó orí ilé àti ilẹ̀; èyí tó sọ nípa ìtanràn mú kí púpọ̀ sí i san, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ohun tó tọ́ àti nípa aládùúgbò tó ń san kò fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan wá. Lóòótọ́, lẹ́tà kan ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ fún àwọn tó pẹ́ san pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń san án lásìkò. Owó tètè wọlé. Àmọ́ àwọn yẹn ti sọ iye tí wọ́n jẹ tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n mú owó wá ló kù. Ti àwọn oníbàárà yín yàtọ̀, torí ìwé gan-an ni wọn ò tíì ṣí.

Ẹ má sì fi ìtanràn nìkan dẹ́rù bà wọ́n. Ní Haifa, ní Ísírẹ́lì, àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ òbí tó bá pẹ́ wá mú ọmọ rẹ̀. Ńṣe ni àwọn tó ń pẹ́ pọ̀ sí i, torí ohun tí ojú ń tì wọ́n sí tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n lè fowó rà. Nígbà tí wọ́n sì fagi lé owó náà, àwọn òbí ò padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Uri Gneezy àti Aldo Rustichini ló kọ ọ́ jáde ní 2000. Ìtìjú tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ohun tí à ń tà.

Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ dá ojú padà fún owó náà. Ní 2001, Caroline Adams àti Paul Webley fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ní òwò kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wò lórí owó orí ọjà, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí VAT. Ohun kan tó yà wọ́n sọ́tọ̀ síra ni ẹni tí kálukú gbà pé ó ni owó náà. Àwọn kan rí i bí owó ìjọba tó kàn gba ọwọ́ àwọn kọjá. Àwọn míì rí i bí owó tiwọn tí ìjọba fẹ́ wá gbà. Owó kan náà ni o, ohun tí ọkàn pè é ló yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀sìn ti lè ṣiṣẹ́, torí ẹ̀sìn ti kọ́ àwọn èèyàn yín ohun tí wọ́n á ṣe sí owó olówó. Wọ́n mọ àmánà, ìyẹn ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n.

Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo owó orí pọ̀ sójú kan nígbà tí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ tú u sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí òfin bá ti ní kí wọ́n máa gba owó orí ọjà, oníbàárà ló san án. Ó kó o lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n bá òun fi jẹ́ ìjọba. Owó orí tí wọ́n yọ lára owó oṣù òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ yẹn ló ṣiṣẹ́ fún un, àwọn kàn bá a mú un dání ni. Àmánà ni méjèèjì, ẹni tó sì ni ín ní ojú, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀. Owó orí tó wà lórí èrè tiwọn nìkan ló ku ibi tí iyàn lè wà, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo iyàn wọn nípa ìjọba tó ń kó owó jẹ ti lè ní ìtumọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ti sí iyàn. Mo ti rí oníṣòwò tó fi ọdún púpọ̀ bá mi jiyàn lórí owó orí èrè, tó jẹ́ pé ọjọ́ tó yé e pé owó àwọn òṣìṣẹ́ òun lòun ti ń ná ni gbogbo ẹ̀ yí padà. Kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Tí wọ́n bá wá dé orí èrè tiwọn, ẹ fi ojú ẹlòmíì hàn wọ́n: ẹni tó ń ta irú ọjà wọn, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Owó orí tó ń san wà nínú iye tó ń ta ọjà, ìyẹn ni kò ṣe lè bá wọn dín in kù. Ìjọba tó ń kówó jẹ ò mọ̀ pé wọ́n wà. Aládùúgbò yìí ló ń pàdánù oníbàárà nítorí ìdajì tí wọn ò kọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò ní tó, bó ti wù kó dùn tó. Púpọ̀ nínú irọ́ tó wà nínú ìwé owó orí kò bẹ̀rẹ̀ bí irọ́. Owó náà ti wọnú ọjà, ó ti di owó ilé ìwé, ọjọ́ sísan wá dé, kò sí i nílẹ̀ mọ́, ni èèyàn bá wá dín iye tó kọ kù kó lè bá ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mu. Ní Sweden, Per Engström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 èèyàn wò. Àwọn tó rí i pé gbèsè ṣì kù tí wọ́n máa san lópin ọdún ló ń sáré wá ohun tí wọ́n lè yọ kúrò, ju àwọn tí ìjọba fẹ́ dá owó padà fún lọ. Ìmọ̀ràn mi fún yín ni pé kí wọ́n ní àkáǹtì kan lọ́tọ̀, kí owó orí sì máa wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà bá wọlé tàbí lópin ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó ka ìyókù sí tiwọn. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń yọ ìdámẹ́wàá sọ́tọ̀ kó tó náwó ti mọ ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn tí ò ní nǹkan kan láti dù mọ́ lọ́jọ́ ìsanwó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, mi ò sì lè fi í sílẹ̀, torí ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ẹ ní wọ́n máa ń ní kí ẹ kọ ìdajì. Ta ló wá ń kọ ọ́? Biro yín ni. Nígbà tí oníṣòwò olùfọkànsìn bá rí i pé ẹni tó mọ òfin jókòó, ó sì kọ nọ́ńbà yẹn láìbínú, ó ti rí ìwé ẹ̀rí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí ìwàásù tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn ìyẹn tó máa ta á létí. Ẹ sọ fún wọn, ní ẹyọ ẹyọ, kì í ṣe lójú àwùjọ, pé láti ìwé tó ń bọ̀ ohun tí wọ́n bá tà lẹ ó máa kọ. Fún ti àwọn ọdún tó ti kọjá, ẹ lọ wo bí òfin ṣe ṣe é níbi tí ẹ wà: ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ owó orí ló máa ń dín ìtanràn kù fún ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wá tún ìwé rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó wá a wá, wọ́n sì máa ń gbà kó san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ mú ètò yẹn dání lọ bá wọn, kó má jẹ́ ẹ̀bi nìkan lẹ gbé lọ. Àwọn kan á kó ìwé wọn lọ bá ẹlòmíì, owó yín á sì dín kù. Ẹ ṣètò ilé yín fún ìyẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá èyí tó máa ń sáré tẹ̀lé oníbàárà nítorí ṣéńjì.